Jékọ́bù Tiro, Ó sì Gba Ìbùkún

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín lórúkọ Jésù. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run lógo! Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní àwọn máa gé láti orúnkún ni mo fi ń rìn lọ sí Ọjà Ọba báyìí, níbi tí mo ti ń ta èlùbọ́.

Àtọ̀gbẹ ló fà á. Ẹni tó bá ní in mọ̀ pé bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ a máa kú, egbò kì í sì í tètè jinná. Ìṣó gún mi látẹ́lẹsẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n lára rárá, àfi ìgbà tí ọmọ mi rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Láìpẹ́, ó di egbò tó ń rùn.

Àwọn kan ní mo tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni, àwọn máa mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tú u. Àwọn mìíràn, onígbàgbọ́ bíi tèmi, ní bí mo bá gba Jésù gbọ́ lóòótọ́, kí n da abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nù. N kò ṣe tibí, n kò ṣe tọ̀hún. Mò ń gba abẹ́rẹ́ mi, wọ́n ń wẹ egbò fún mi, mo sì ń bá Ọlọ́run mi jìjàkadì lóru bíi Jékọ́bù ní Péníélì: "N kò ní jẹ́ kí O lọ, àfi bí O bá súre fún mi!"

Owó tán. Kòkòrò jẹ èlùbọ́ inú àpò. Ọkọ mi ta ọ̀kadà rẹ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń rántí àwọn míṣọ́nnárì, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n mú ìhìnrere dé Kúdẹtì wa ní Ìbàdàn ní 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, owó àti oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe yẹ mọ́. Ebi àti àìsàn bá wọn fínra fún ọdún bíi mélòó kan, síbẹ̀ wọn kò fi ìjọ Ìbàdàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti sá lọ ńkọ́? Mo sunkún ọpẹ́ nítorí wọn.

Ìka ẹsẹ̀ méjì lọ. Ẹsẹ̀ dúró! Egbò ti pa dé. Ọkọ mi tí kì í bá wa gbàdúrà tẹ́lẹ̀, òun ló ń ka Sáàmù sí mi létí ní wọ́ọ̀dù, òun náà ló sì ń jí wa fún àdúrà òwúrọ̀ báyìí. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń bẹ Olúwa nítorí rẹ̀.

Mò ń tiro, ẹ má káàánú mi. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 32: òru kan náà ni Jékọ́bù gba ìbùkún àti ìtiro.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́, ẹ má rìn láìwọ bàtà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, tẹbí tará la ó jó lọ síwájú pẹpẹ. Ẹ wá bá wa jó. Mo ti kù èlùbọ́ sílẹ̀, àmàlà á kárí.