Àlùbọ́sà ti gba aró, ó ku omi yìnyín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá mi bọ̀ lórí iṣẹ́ yìí, ìyẹn bí mo ṣe fẹ́ fi aró tó ń tàn wo kálísíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà, àpótí ti parí o. Kápẹ́ńtà kan níbí ní Ìkòròdú, lẹ́bàá Sábó, ló bá mi gé pákó ẹ̀, mo kun inú ẹ̀ ní dúdú, mo gbé máíkírósíkóòpù sínú ẹ̀, LED búlúù ń tàn wọlé láti ẹ̀gbẹ́, fílítà yẹ́lò wà níwájú fóònù tó ń ya fídíò, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dá búlúù dúró kó jẹ́ kí gíríìnì kọjá. Bátìrì ni mo so LED mọ́, mi ò fẹ́ iná NEPA rárá níbẹ̀, torí tí iná bá ń lọ sókè sódò èèyàn á rò pé kálísíọ̀mù ló ń lọ sókè sódò.

Mo kọ́kọ́ fi ínkì háílàítà dán an wò, gíríìnì ẹ̀ jáde dáadáa. Omi ẹ̀fọ́ tí mo rẹ sínú sípíríìtì tàn pupa, pupa yẹn lè dà mọ́ ìmọ́lẹ̀ aró, ìdí nìyẹn tí mo fi mú àlùbọ́sà dípò ewé.

Aró ọ̀hún ni Fluo-4 AM, tó máa ń tàn gíríìnì tó bá ti mú kálísíọ̀mù, àǹtí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù ló bá mi wá ìwọ̀nba díẹ̀. Fura-2, aró kálísíọ̀mù mìíràn tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Roger Tsien àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 1985, dáa gan-an fún ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ 340 àti 380 nm ló ń fẹ́ (nm ni wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), 340 yẹn ò sì ní gba inú lẹ́ńsì tèmi kọjá dáadáa. Fluo-4 ń fẹ́ nǹkan bíi 494, búlúù lásán ti tó o.

Ọgbọ́n tó wà nínú AM yẹn, ìbòrí kan tí wọ́n so mọ́ aró, wù mí gan-an. Aró fúnra ẹ̀ ò lè gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, AM ló bò ó mọ́lẹ̀ tó fi ráyè wọlé, tó bá ti wọlé tán ẹ́ńsáìmù inú ibẹ̀ á gé AM kúrò, aró ò wá ní lè jáde mọ́. Kálísíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi ò ju nǹkan bíi 100 nM lọ (nM yìí ni ìwọ̀n bó ṣe pọ̀ tó nínú omi, kì í ṣe nm ti ìmọ́lẹ̀), ti ìta sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po jù ú lọ, torí náà tí ọ̀nà bá ṣí díẹ̀ báyìí, aró á tàn. Ti ewéko le díẹ̀ ṣá, ẹ́ńsáìmù wà nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì náà, ó lè gé AM kí aró tó wọlé rárá. Òtútù máa ń dín agbára ẹ̀ kù, ìdí nìyí tí mo fi rẹ awọ àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú aró nínú fíríìjì fún wákàtí méjì, mo tún wá gbé e síta fún wákàtí méjì.

Àǹtí mi ní, “Àbúrò, wo èyí tí kò gba aró ná kó o tó yọ̀.” Mo ní, “Ẹ ṣé mà, mo ti wò ó.” Nínú ìyẹn, ògiri nìkan ló tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó gba aró, etí sẹ́ẹ̀lì àti kókó inú ẹ̀ ló tàn jù, àpò omi ló gba àárín. Inú mi dùn débi pé mo pariwo!

Iye ìmọ́lẹ̀ nìkan ò tó o, sẹ́ẹ̀lì tó gba aró púpọ̀ á tàn ju èyí tó gba díẹ̀ lọ bí kálísíọ̀mù wọn tiẹ̀ dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kan náà ni mo ń wò, ti ẹ̀yìn tí mo da nǹkan sí i, mo fi ti ìṣáájú pín in. Kámẹ́rà wà lórí mánúàlì, LED sì ń tàn nígbà tí fóònù bá ń ya nìkan, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ aró run.

Omi lásán ni mo kọ́kọ́ dà sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Omi yìnyín ló kàn, torí òtútù òjijì máa ń gbé kálísíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì ewéko sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí àǹtí mi bá dé lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ló máa dà á, èmi á wà nídìí fóònù.