Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Kò Lórùlé: Èmi Nìkan ní Lisbon

Máàpù inú fóònù mi sọ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni láti gbàgede Rossio dé ṣọ́ọ̀ṣì Carmo, ṣùgbọ́n kò sọ fún mi pé òkè ni gbogbo ọ̀nà náà. Orí àwọn òkè ni wọ́n tẹ Lisbon, olú ìlú orílẹ̀-èdè Pọ́túgàl, dó sí, nítorí náà ibi méjì tó fara kanra lórí máàpù lè jẹ́ pé ńṣe ni ọ̀kan ń wo èkejì láti òkè. Òjò wẹliwẹli ti rọ̀ ní òwúrọ̀ náà. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú tí wọ́n fọwọ́ tò sójú ọ̀nà, tí wọ́n sì fi ya ìgbì omi sórí ilẹ̀ Rossio, dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n a máa yọ̀ bí ẹni fi ọṣẹ pa wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo di ògiri mú kí n má baà ṣubú.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùnkè, mo ti fi ogójì ìṣẹ́jú ṣòfò nídìí Santa Justa, ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà nínú ilé irin gíga tó tó mítà 45, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ènìyàn ròkè ní ọdún 1902. Àwọn arìnrìn-àjò tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé òkè ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Carmo gan-an ni afárá ẹ̀rọ náà já sí, ẹni tó bá sì lè fẹsẹ̀ rìn kò nílò láti tò rárá.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá nìyí. Ọdún 1389 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Carmo, láti ọwọ́ ọ̀gágun Nuno Álvares Pereira. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1755, tí í ṣe àjọ̀dún gbogbo àwọn ẹni mímọ́, tí èrò kún inú ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri ìlú, tí àbẹ́là sì ń jó lórí pẹpẹ, ni ilẹ̀ mì tìtì. Ilé wó, omi ya wọ ìlú láti òkun, iná sì jó fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Òrùlé Carmo já lulẹ̀, wọn kò sì dá a padà títí di òní. Àwọn òpó ṣì dúró, àwọn ìtẹ̀kọdọ òkúta tó so wọ́n pọ̀ sì wà lókè bí egungun ìhà ẹja ńlá kan, tí ojú sánmà ń yọ láàárín wọn. Omi òjò òwúrọ̀ ṣì ń kán láti ara ọ̀kan nínú wọn sórí koríko tó wà níbi tó yẹ kí àwọn olùjọ́sìn jókòó sí. Mo jókòó tì í, mo ń ka bó ṣe ń kán. Bí ẹnìkan bá bá mi wá ni, yóò ti fà mí lọ́wọ́ pé ó tó.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n gbé òkú méjì láti Peru sí nínú gíláàsì. N kò dúró níbẹ̀. Bàbá àgbà kan tí mo bẹ̀ kó bá mi ya àwòrán gé orí mi kúrò níbi iwájú, ṣùgbọ́n ó ya gbogbo òpó náà tán pátápátá.

Láti ibẹ̀ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ sí Baixa, apá ìlú tí Marquês de Pombal, olórí àwọn òjíṣẹ́ ọba nígbà náà, tún kọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá náà, tí àwọn òpópónà rẹ̀ gún gẹẹrẹ, tí wọ́n sì fi igi so inú ògiri àwọn ilé rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè fara da ìmìtìtì mìíràn. Ní etí odò Tejo, níbi tí ààfin ti wà rí, ère ọba José kìíní ń gẹṣin láti ọdún 1775. Ohun tí ère náà kò sọ ni pé ẹ̀rù ilé òkúta ba ọba yìí débi pé inú àgọ́ àti ilé onígi ló ń gbé lẹ́yìn náà, títí ó fi kú.

Ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos ni mo fi kásẹ̀ ọjọ́ náà nílẹ̀. Iná jó o ní ọdún 1959, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n fi àwọn òpó tí iná ti bó lára sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ pa ọ̀kan, ó rí ṣágiṣàgi bí èèpo igi àtijọ́. Gbàgede iwájú rẹ̀ ni àwọn ọmọ Áfíríkà, pàápàá àwọn ará Guinea-Bissau, máa ń péjọ sí. Ọkùnrin kan kí mi ní èdè tí n kò gbọ́. Láti òwúrọ̀, yàtọ̀ sí bàbá tó gé orí mi, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí i padà ní Yorùbá, nítorí pé òun ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, a sì jókòó bẹ́ẹ̀, ká máa wo àwọn tó ń kọjá, títí wọ́n fi tan iná ojú pópó.