Irú ìwé-ẹ̀rí wo ni yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kí n tó di ayàwòrán-ilé ní Ìlú Ọba

Nígbà tí mo parí dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ní Ifẹ̀, nǹkan méjì péré ni mo wò kí n tó yan ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Ìlú Ọba: orúkọ rẹ̀ dún, ọdún kan ṣoṣo sì ni ẹ̀kọ́ náà. Mo ṣírò rẹ̀ pé ọdún kan yóò dín owó kù, ó sì dín in kù lóòótọ́. Ohun tí n kò bi ẹnikẹ́ni ni irú ìwé-ẹ̀rí tí yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí ọdún náà bá pé.

Ọ̀gá obìnrin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo wá ní Lọ́ńdọ̀nù ló jẹ́ kí ojú mi là. Ó ṣí àwọn àwòrán mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tẹ̀lé àkàsọ̀ kan tí mo yà, ó yìn ín, ó wá béèrè bóyá mo ti ní Part 2. Mo ní MA, dìgírì kejì ọlọ́dún kan yẹn, ni mo ní. Ó rọra pa ìwé náà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa iye tí wọ́n ń san fún olùrànlọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Nígbà tí mo lọ, ìpele mẹ́ta ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà di ayàwòrán-ilé níbẹ̀: Part 1 ni dìgírì àkọ́kọ́, Part 2 sábà máa ń jẹ́ MArch, dìgírì kejì ọlọ́dún méjì, Part 3 sì ni ìdánwò tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARB, àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀ níbẹ̀, máa pe ara rẹ̀ ní "architect" lẹ́nu iṣẹ́. MA ọlọ́dún kan tí mo ṣe kò sí lórí àkàsọ̀ yìí rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò parọ́ fún mi. Wọ́n kàn sọ pé yóò "ràn mí lọ́wọ́" ni, èmi náà kò sì tú ọ̀rọ̀ náà wò. ARB ti ń tún ètò ìpele mẹ́ta yìí ṣe báyìí, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni kí ẹ ti béèrè, ẹ má gba tèmi nìkan.

Irú ọ̀fìn yìí wà ní Amẹ́ríkà náà. Dìgírì tí NAAB, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ayàwòrán-ilé wò níbẹ̀, fọwọ́ sí, irú bíi M.Arch, ló ń ṣí ọ̀nà ìwé-àṣẹ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kan náà lè ní dìgírì kejì tí wọ́n ń pè ní MS tàbí "post-professional" tí NAAB kì í fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ti ní ìwé-àṣẹ nílé, tó sì fẹ́ ṣe ìwádìí kó tó padà, lè jàǹfààní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èmi kọ́ ni ẹni yẹn.

Ohun kejì ni ojú ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti kọ́lé fún. Lọ́jọ́ júrì mi àkọ́kọ́, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ ń yẹ àwòrán wa wò, mo gbé àwòrán kan kalẹ̀ tí mo fi ilé Humanities ní Ifẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe, èyí tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàwòrán rẹ̀ kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ìbòòji lè bo ìsàlẹ̀. Olùkọ́ kan béèrè ibi tí oòrùn oṣù Kejìlá yóò gbà wọlé. Mo wò ó sùn-ùn. Ta ní ń wá oòrùn wọlé? Ó jàre, ilé náà ìbá ṣókùnkùn bí àjà. Ẹ̀dùn ọkàn yìí ti pẹ́: ní ọdún 1953, ìpàdé kan wáyé ní University College London lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru, lẹ́yìn tí Adedokun Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester, ti ráhùn pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òun kò bá ojú ọjọ́ ilé òun mu. Ní 1954, Architectural Association, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà. Nítorí náà, ẹ wo iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé jáde lọ́dún tó kọjá, kí ẹ mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé sí.

Ní ti owó, ẹ má ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Bébà, títẹ àwòrán ńlá àti pákó tí a fi ń ṣe model gbé owó oúnjẹ mi lọ lóṣù méjì. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba 1,500 euro ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwa tí a ti òde Yúróòpù wá, èdè Jámánì sì ni wọ́n fi ń kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà.

Mo padà ṣe MArch ọlọ́dún méjì, ọdún mẹ́ta ló sì gbà mí kí n tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Bí àwọn àbúrò bá fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ìwé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n béèrè bóyá ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ní ìfọwọ́sí fún ìwé-àṣẹ, kí wọ́n sì gba èsì náà ní kíkọ. Ọ̀kan nínú wọn kọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Méjì ti fèsì. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó fẹ́ràn jù ní rárá.