Katakata wo ló yẹ oko éékà márùn-ún?

Àwọn tó bá yà sí oko mi lẹ́yìn Ìkọ̀lé máa ń wo katakata kékeré tó wà lábẹ́ páànù, wọn a ní, "Mọ́mì, ṣé èyí lè túlẹ̀?" Èsì mi ni pé kì í ṣe torí ìtúlẹ̀ ni mo ṣe rà á. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí katakata wá ṣe láyé ni kó túlẹ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Oko yìí ni mo fi ń gbádùn ara mi, òun kọ́ ló ń bọ́ mi. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo gba éékà mẹ́ta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó díẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá odò, ìyókù jẹ́ ewébẹ̀ àti ilé adìyẹ. Ẹni tó bá ní ọgọ́rùn-ún éékà lápá Òmùò lè fo ọ̀rọ̀ mi kọjá, kò kàn án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ìtúlẹ̀ náà. Katakata ńlá tí ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, irú MF 375 (Massey Ferguson), agbára ẹṣin 75 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, plọ́ọ̀ onídíìsì mẹ́ta ló sì sábà máa ń fà. Díìsì mẹ́ta yẹn ń tú ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà kan, tàbí kó dín díẹ̀. Bó bá ń rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan, 5,000 mítà onígun mẹ́rin nìyẹn. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò fún yíyí padà àti ìdúró, ó ku 3,750. Éékà kan sì jẹ́ 4,047. Ìyẹn ni pé éékà kan á gbà á ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, á ti parí éékà mẹ́ta mi kí oòrùn tó kanrí, á sì fi ọ̀sán fa hárò tó ń fọ́ ògúlùtu wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Owó ńlá yẹn á wá jókòó sábẹ́ páànù títí di ọdún tó ń bọ̀, eku á máa jẹ wáyà rẹ̀.

Ohun tí kì í tán lóko Èkìtì ni koríko. Láti ìgbà tí òjò bá ti dúró dáadáa ní oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, èèsún àti ewé Akíntọ́lá kì í sùn. Lẹ́yìn koríko, ẹrù: ẹ̀gẹ́ tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí, ìgbẹ́ adìyẹ tó ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi tó ń bọ̀ látodò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn iṣẹ́ tó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ló yẹ kó sọ bí katakata yín ṣe máa tóbi tó. Ìtúlẹ̀, ẹ háyà rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgékoríko ni mo kọ́kọ́ fi wọn tèmi. Òṣùwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò ni agbára ẹṣin márùn-ún fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Tí ẹ̀rọ náà bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó fẹ́ 20, èèsún tó ti gbó á sì tún béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n 20 yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, èyí tí wọ́n ń pè ní PTO. Ti ẹ́ńjìnnì ni òǹtajà máa ń pariwo, bẹ́ẹ̀ agbára á ti dín kó tó dé ẹ̀yìn; ẹ ka ohun tó máa dé ibẹ̀ sí bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí mo ṣe dúró lórí ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 30 nìyẹn. Kò kéré, kò pọ̀, ó sì ń gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá láìṣe wọ́n léṣe, ohun tí katakata ńlá onítọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ kò lè ṣe.

Ẹnìkan fẹ́ kí n ra èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì, ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ó dára fún àkùrọ̀ ìrẹsì bíi ti Ìgbẹ́mọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọn apá ẹni. Ní ọjọ́ orí tèmi, ó tì.

Ohun kan wà tí òǹtajà kì í sọ. Àwọn katakata kékeré ń lo ìkọ́ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n fi ń so ohun èlò mọ́ katakata, tí wọ́n ń pè ní Category 1, tí píìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22. Àwọn ńlá ń lo Category 2, mìlímítà 28. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹ máa yá plọ́ọ̀ aládùúgbò tó ní katakata ńlá. Kò ní wọlé, bó bá tiẹ̀ wọlé, kò ní lè gbé e. Ohun èlò tiyín ni kí ẹ kà mọ́ owó rírà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ wa náà ní ìwà tirẹ̀. Òkúta pọ̀, òkè pọ̀, oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán sì kún fún kùkùté. Plọ́ọ̀ onídíìsì lè yí gun orí gbòǹgbò kó sì kọjá. Ẹ̀rọ ọlọ́bẹ tó ń po ilẹ̀ kò lè ṣe é, ọ̀bẹ á kán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi katakata fa kùkùté. Tí wọ́n bá so ṣéènì mọ́ ibi gíga lẹ́yìn rẹ̀, tí kùkùté sì kọ̀, iwájú ló máa gbéra sókè, gbogbo rẹ̀ á sì dà lé awakọ̀ lórí kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá pàjáwìrì, n kò ní ṣàpèjúwe fún yín. Ẹ wá ẹni tó ní búdósà.

Bákan náà ni irin ààbò tó máa ń dúró lẹ́yìn ìjókòó, tí kì í jẹ́ kí katakata tẹ awakọ̀ bó bá dojú dé. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kékeré tó ti pẹ́, tó ń bọ̀ láti Jàpáànì, ni kò ní in. Ẹ wá ojúlówó tí wọ́n ṣe fún irú katakata yẹn, kí wọ́n dè é sí i kó tó fẹsẹ̀ kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kankan, kí awakọ̀ sì máa so bẹ́líìtì. Ibi tó bá ga jù lóko mi, ọkọ́ àti àdá ló ń lọ síbẹ̀.

Ní ti háyà, ìṣòro rẹ̀ ni àkókò. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tán, gbogbo èèyàn ń wá awakọ̀ kan náà. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú, dísù tí mo máa sun dé ọ̀dọ̀ yín ju èyí tí mo máa fi túlẹ̀ lọ." Òótọ́ ló sọ. Àwa tí oko wa jọ pààlà wá jókòó, a ṣe é bí àáró: a kó ilẹ̀ wa pọ̀, ó lé ní éékà ogún, a sì san owó ìdákọmu ní oṣù kejì. Láti ìgbà náà, tiwa ló máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Tí oko yín bá tó éékà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, tí ẹ sì fẹ́ máa túlẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò gba owó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Irú agbára ẹṣin 50 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Àmọ́ kí ẹ tó bá òǹtajà sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì ní Adó tàbí Àkúrẹ́ irú èyí tó ní páàtì rẹ̀. Èyí tí fílítà rẹ̀ kò sí ní ìlú méjèèjì, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Bó bá sì di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ wò ó, ẹ mú mẹkáníìkì yẹn dání, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń tà á pé wọn ò gbọdọ̀ tíì tan án kí ẹ tó dé. Tútù ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń fi àìsàn rẹ̀ hàn. Ẹ fọwọ́ kàn án: bó bá ti gbóná, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ máa lọ sílé, kí ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ mìíràn láìsọ fún wọn.