Koríko Inú Táyà Mi

Ẹni tí ó bá sọ ní Òṣogbo lónìí pé òun ti ra kẹ̀kẹ́, Márúwá ni gbogbo ènìyàn yóò rò pé ó rà. Nítorí náà ni mo ṣe ṣàlàyé fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni tèmi, pé ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi máa wà á, àti pé n kò ní gbé èrò kankan. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé kò sí ohun tó ń ṣe yín?"

Ohun tó ń ṣe mí kò ju àwòrán kan tí mo rí lórí fóònù lọ. Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì, láàárín àwọn òkè Andalucía, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Vía Verde de la Sierra, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 36 láti Puerto Serrano dé Olvera. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n tìtorí rẹ̀ la ọ̀nà náà. Wọ́n gbẹ́ ihò 30 gba abẹ́ àwọn òkè kọjá, wọ́n sì ṣe afárá gàgàrà lórí àfonífojì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dúró lójijì, ọkọ̀ ojú irin kankan kò sì gba ibẹ̀ rí. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ni ín báyìí. Gúnnugún pọ̀ lórí àpáta Zaframagón tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà, èyí tí ó yẹ kí n ti kà sí àmì.

Èmi tí mo ń la oríta Ọláìyá kọjá láràárọ̀, tí kọ́rọ́pe ń fọn fèrè sí mi létí ọ̀tún, tí ọ̀kadà sì ń gba abẹ́ apá òsì mi kọjá, ọkàn mi fà sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Mo yẹ máàpù orí fóònù wò, mo sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ẹ̀yìn ìlú gba inú oko lọ sí ìhà àwọn òkè Ìràgbìjí. Mọ́tò kò lè gba ibẹ̀. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀, mo ní Sípéènì tèmi nìyẹn. Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ayé ni mí. Mo mọ̀ dáadáa pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tó dagun, pé ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí wọ́n là fún un fi máa ń rọra gòkè. Ohun tí n kò rántí ni pé kò sí ẹnjiníà tó la ọ̀nà oko tiwa. Àgbẹ̀ tó ń kánjú lọ sílé ló là á, àgbẹ̀ tó ń kánjú kì í sì í yí òkè ká.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò mi, mo ti kà á pé lórí ọ̀nà oníyangí, afẹ́fẹ́ inú táyà kò gbọdọ̀ pọ̀. Táyà tèmi fẹ̀ tó mìlímítà 40, nǹkan bí 35 PSI, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, sì tó fún irú rẹ̀, kí ó lè máa tẹ̀ mọ́ òkúta, kí ó má máa ta sókè kúrò lórí rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà àdúgbò wa ní Òkè-Fíà, mo ṣe gbogbo àlàyé yìí fún un. Ó gbọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà, ó mi orí bíi dókítà tó fẹ́ túfọ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Táyà tó bá rọ̀ báyìí, ó ti kú nìyẹn." Kí n tó yanu, ẹ̀rọ ti ń dún. Nígbà tó fi máa parí, bí ènìyàn bá fi ìka ta táyà náà, á dún bíi gángan. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní nítorí pé tíṣà ọmọ òun ni mí. Ta ni yóò wá ní kí wọ́n tú u dànù?

Láàárọ̀ Sátidé, mo wọ ṣòkòtò penpe afúnmọ́ra tó bá kẹ̀kẹ́ náà wá, mo dé akoto, mo fi awò dúdú sójú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ariwo ìlú ti wọlẹ̀, ẹyẹ ló kù tó ń ké. Ibẹ̀ náà ni yangí ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń gbé mi sókè, ó ń jù mí sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n ń yan nínú ìkòkò, eyín mi ń gbá ara wọn, ìgò omi mi fò wọ inú oko ẹnìkan, n kò sì ní ìgboyà láti dúró wá a.

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ahéré kan tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí nígbà tí táyà ẹ̀yìn mi bú gbàù, àfi bí ìbọn. Ẹnìkan kígbe pé, "Wọ́n ti dé o!" Kí n tó dìde nílẹ̀, ahéré ti ṣófo, agbada gàrí nìkan ló ń rú èéfín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, orí kan yọ lẹ́yìn igi kòkó, lẹ́yìn náà orí méjì. Ìyá àgbàlagbà kan wá sún mọ́ mi, ó wo akoto mi, ó wo awò mi, ojú rẹ̀ wá dúró sí itan mi. Ó yíjú padà, ó pè wọ́n pé, "Ẹ máa bọ̀, kì í ṣe wọn. Ẹni tí wọ́n jí ṣòkòtò rẹ̀ ni."

Túùbù náà ya gùn tó ìka mi. Túùbù míràn wà nílé lórí tábìlì, níbi tí mo gbé e sí kí n má baà gbàgbé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí bàbá kan fi dé lórí kẹ̀kẹ́ tó dàgbà jù mí lọ, àpò ẹ̀gẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gun òkè bọ̀ bí ẹni pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó tẹ táyà iwájú mi tí kò tíì bẹ́, ó ní, "Ta ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sí eléyìí? Ṣé o bá a jà ni?" Ó ní kí n tẹ tirẹ̀ wò, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ó tú afẹ́fẹ́ inú tèmi títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yọ àdá, ó pa koríko eéran ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì kì í sínú táyà ẹ̀yìn bí ẹni ń ki irun sínú tìmùtìmù. Mo gùn ún. Ó ń dún ṣíọ̀ṣíọ̀, ṣùgbọ́n kò jù mí sílẹ̀ mọ́.

Eéran ni mo sọ, ẹ kò sì nílò kí n sọ ẹranko tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Nígbà tí mo wọ ìlú, ewúrẹ́ mẹ́ta ló ń sáré tẹ̀lé mi, òbúkọ kan sì darapọ̀ mọ́ wọn lọ́nà. Mo sáré yà sọ́dọ̀ fọkanáísà wa. Ó dá àwọn ewúrẹ́ padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn, ó mi orí. "Tíṣà, mo sọ fún yín. Ó tún ti rọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i kí ó lè rí ibi tí ó ti jò. Koríko àkọ́kọ́ yọ, ó fà á, òmíràn tẹ̀lé e, ó ń fà á lọ títí ó fi kún ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí lójú láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kí ó wá wo ohun tí àwọn tíṣà ń fẹ́ sínú táyà.