Kelantan: Ọjà Àwọn Obìnrin, Òṣèlú Ẹ̀sìn àti Eré tí Wọ́n Fòfin Dè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òṣèlú àwọn Malay, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Màléṣíà, ṣe rí, kó má dúró sí Kuala Lumpur, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, nìkan. Kó dé Kota Bharu, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kelantan, nítòsí ẹnubodè Tháílàńdì. Ní Kuala Lumpur, Malay, ọmọ Ṣáínà àti ọmọ Íńdíà ló jọ ń gbé, ìjà òṣèlú kì í sì í pẹ́ di ìjà ẹ̀yà. Ní Kelantan, Malay ló pọ̀ jù lọ. Irú Malay tó yẹ kí Malay jẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn fà.

Ọjà Siti Khadijah ni mo kọ́kọ́ lọ. Orúkọ ìyàwó Ànábì tó jẹ́ oníṣòwò ni wọ́n fi sọ ọjà náà, ó sì yẹ ẹ́, nítorí obìnrin ló kún ibẹ̀. Wọ́n jókòó sórí pẹpẹ láàárín ata, ewébẹ̀, ẹja gbígbẹ àti ìgò budu, ìyẹn ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ títí tó fi di omi dúdú. Ìborí aláràbarà lórí, ẹ̀gbà wúrà lọ́wọ́. "Mak Cik" ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ti tó ìyá ẹni, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀ fún wa, bi mí bóyá Mùsùlùmí ni mí. Mo ní ìyá mi ń kírun, bàbá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé kan náà ni wọ́n sì wà. Bí a ṣe ń pa àgbò Iléyá la ń pa adìẹ Kérésìmesì. Ó wò mí títí.

"Ọmọ mi, èwo wá ni wọ́n kọ sí káàdì rẹ?"

Ìbéèrè gidi ni. Ní Màléṣíà, "ISLAM" wà lára káàdì ìdánimọ̀ Mùsùlùmí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn, ní abala 160, sọ ẹni tó ń jẹ́ Malay: ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó ń sọ èdè Malay déédéé, tó sì ń tẹ̀lé àṣà Malay. Abala 153 wá fi ipò pàtàkì àwọn Malay àti àwọn onílẹ̀ ìpínlẹ̀ Sabah àti Sarawak sábẹ́ ààbò ọba: iṣẹ́ ìjọba, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ìwé àṣẹ òwò. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Malay àti ọmọ Ṣáínà lọ́jọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1969 ni ìjọba tún gbé ètò ọrọ̀-ajé tuntun kalẹ̀ ní 1971, láti fa àwọn Malay sókè nínú òwò. Yorùbá tó bá kúrò ní mọ́sáláṣí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Yorùbá ló ṣì ń jẹ́. Òfin ò fún Malay ní irú àyè yẹn. Nígbà tí mo lóye èyí ni mo tó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn fi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn olóṣèlú wọn.

Ọba náà ṣì lẹ́nu níbẹ̀. Torí pé ìlànà tí Gẹ̀ẹ́sì gbé wá fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ àwọn Sultan ni wọ́n fi dá UMNO, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Malay, sílẹ̀ ní 1946. Ọba mẹ́sàn-án ni wọ́n, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sì ń yan ọ̀kan láàárín ara wọn ṣe Agong, ọba gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2022, kò sí ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ tó rí ìdajì nínú àga 222 ilé aṣòfin. Agong ìgbà náà, Sultan ìpínlẹ̀ Pahang, pe àwọn aṣáájú ẹgbẹ́, ó bá àwọn ọba yòókù gbìmọ̀, ó sì fi Anwar Ibrahim ṣe olórí ìjọba lọ́jọ́ 24. Ó wù mí kí ọba tiwa náà ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin.

Ní Kelantan, ẹgbẹ́ PAS, ẹgbẹ́ àwọn àáfà, ló ń ṣàkóso láti 1990. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn àti alájọṣe wọn gba àga 43 nínú 45. Mo lọ sí ceramah, ìpàdé òṣèlú alẹ́. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sórí pápá, àwọn kan ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Olùsọ̀rọ̀ fi Kùránì bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sínú pantun, ewì onílà mẹ́rin, àwọn èèyàn sì ń bá a parí ìlà tó kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó pín owó níbi tí mo jókòó sí. Awakọ̀ tó gbé mi lọ ti ṣàròyé lójú ọ̀nà nípa omi ẹ̀rọ tó máa ń pọ́n, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo ará Kelantan, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run lòun fẹ́ nípò. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù Ọlọ́run àti omi mímọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ní kí èèyàn yan ọ̀kan nínú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ Mak Yong. Eré àtijọ́ ni: orin, ijó, ìtàn àti ẹ̀fẹ̀. Obìnrin ló ń ṣe ọba inú eré náà, Pak Yong ni wọ́n ń pè é. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọjú sí rebab, ohun èlò olókùn tó jọ gòjé, wọ́n á fi ijó jẹ́jẹ́ júbà. Láyé àtijọ́, wọ́n ń fi í wo aláìsàn. UNESCO kà á mọ́ ìṣúra àgbáyé ní 2005, bẹ́ẹ̀ ìjọba Kelantan ti fòfin dè é ní gbangba láti àwọn ọdún 1990, nítorí àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń pè nínú rẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń jó lójú ọkùnrin. Ọdún 2019 ni wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé kó bá òfin ẹ̀sìn mu.

Mo mọ irú ẹ̀ nílé: ìlú tí wọ́n ti sọ eégún di ìbọ̀rìṣà lásán, tí ẹni tó mọ ìwì ò sì rí ọmọ tí yóò fi lé lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan tó ti ṣe Pak Yong rí gbà wá lálejò. Ó kírun Àsárì tán kó tó kọrin fún wa. "Mùsùlùmí ni mí," ó wí, "Mùsùlùmí sì ni ìyá tó kọ́ mi." Ó ní àwọn tó yẹ kó kọ́ eré náà lọ́mọdé nígbà ìfòfindè ti di ìyálọ́mọ báyìí, wọn ò sì mọ orin kankan tí wọn ó fi kọ́ ọmọ tiwọn. Ọmọbìnrin kan ń wá bá a lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ ìsinmi ní Kelantan. Bí méjì bá kún un, ó ní òun á lè kọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ eré náà látòkèdélẹ̀.