Wọ́n Ní Kí N Sọ Pé Àwọn Ò Sí Nílé

Sátidé tó kọjá ni ọmọ iṣẹ́ mi kẹwàá ṣe fríídọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun ni mo ti gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé tí oníbàárà bá fẹ́ yọ òun lẹ́nu, òun á pa fóònù, òun á gba orí òkè àdúrà lọ. Ọbẹ̀ há mi lọ́fun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a ṣe ń gé aṣọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ìbàlẹ̀ ọkàn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìkíní, ẹ má ṣe ná owó iṣẹ́ tí ẹ ò tíì rán. Ìkejì, ẹ má ṣe gbààwẹ̀ lórí ohun tí ẹ̀bẹ̀ lè parí. Ìkẹta... ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tójú mi rí.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìyá ìyàwó kan kó léèsì 28 wá, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Wọ́n san ₦140,000 sílẹ̀. Mo mú ₦100,000 níbẹ̀, mo fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ Buhari ṣe nítorí kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Kò sí ìgbéyàwó mọ́. Màmá ní kí n dá owó padà, àwọn fẹ́ fi ra oúnjẹ.

₦40,000 tó kù ńkọ́? Pásítọ̀ wa ní ẹni tó bá fúnrúgbìn nígbà ìyàn ni yóò kórè. Mo fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìjọ. Owó olówó o! Nígbà tí mo wá bẹ̀ wọ́n fún gààrì, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Mo ti dárí jì wọ́n. Mi ò gbàgbé.

Àjíǹde ọdún yẹn, ilé ìjọsìn wà ní títì. Mo gbààwẹ̀, mo pariwo mọ́ ọ̀tá títí ohùn mi fi há, síbẹ̀ tí fóònù bá dún, àyà mi á já. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá kanlẹ̀kùn. Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, mo ṣẹ́wọ́ sí ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù pé kó ní mi ò sí. Ó ṣílẹ̀kùn: "Ẹ káàárọ̀ mà. Wọ́n ń gbàdúrà. Wọ́n ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé."

"Bá mi kí wọn tí wọ́n bá dé," ni Màmá wí, wọ́n sì lọ. Wọn ì bá bú mi, ì bá sàn.

Bíbélì ṣí sílẹ̀ níwájú mi, Fílípì orí kẹrin: "Ẹ má ṣe àníyàn ohunkóhun." Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́, èmi fúnra mi ti fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ò fẹ̀wọ̀n pa mọ́. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé òun wà nínú ìdè. Èmi ń tọrọ àlàáfíà lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ irọ́.

Mo sáré bá wọn lójú títì. Títì dá wáí. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku: "Mà, mo ti ná owó yín." Mo rò ó délẹ̀, títí kan ti irúgbìn, mo sì kó ₦20,000 tó ṣẹ́ kù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n máa mú ₦10,000 wá lóṣooṣù.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ₦120,000 ṣì wà lọ́rùn mi, gààrì ò sì sí nílé. Àdúrà mi ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wá jí mi láàárọ̀. Oòrùn ti yọ, ó rò pé ara mi ò yá ni.

Oṣù 12 ni mo fi san án tán. Màmá ń kí mi tá a bá pàdé lọ́jà. Wọn ò kó aṣọ wá fún mi mọ́.